Bí a ṣe ń wọn àyè tí orúkọ àti nọ́ńbà máa gbà nínú kọ̀ǹpútà

Mémoire ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Octet la fi ń wọ̀n ọ́n. Byte ni wọ́n ń pè é ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ prógíráàmù tó máa tọ́jú orúkọ àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò iye octet tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbà. Bí àyè bá kéré jù, orúkọ á gé. Bó bá pọ̀ jù, àyè á ṣòfò.

Lẹ́tà 1 kì í ṣe octet 1

Nínú UTF-8, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù ń lò lónìí, lẹ́tà tí kò ní àmì, bí a tàbí s, gba octet 1. Á tàbí è gba 2. Ẹ, ọ àti ṣ gba 3 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àmì ohùn bá tún wà lórí ọ, tó di ọ́, ó di 5. Ẹ wo orúkọ kan ṣoṣo:

– Sola: octet 4
– Shɔlá, ní alífábẹ́ẹ̀tì ti orílẹ̀-èdè Benin: octet 7
– Ṣọlá: octet 9

Lẹ́tà 7 ni Ọmọ́wùmí ní, ṣùgbọ́n octet 15 ló gbà. Bí a bá fi octet 10 sílẹ̀ fún un, "Ọmọ́w" nìkan ló máa kù. Ta ló máa dá a mọ̀?

Nọ́ńbà tẹlifóònù

Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà tẹlifóònù Benin ti kúrò ní 8, ó di 10, 01 ló sì ń ṣáájú. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ bí iye tí a lè ṣírò, òdo iwájú á sọnù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀.

Àpẹẹrẹ: ẹgbẹ́ èsúsú, ìyẹn tontine, ní èdè C

– orúkọ: 40
– tẹlifóònù: 11 (nọ́ńbà 10, àti octet 1 tí C fi ń parí ọ̀rọ̀)
– ọdún ìbí: 2
– owó tó san, ní fránkì CFA: 4

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 57. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi sizeof, 60 ló máa sọ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìdí ni pé iye tó gba octet 2 máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí 2 lè pín, èyí tó gba 4 sì máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí 4 lè pín. Torí náà, octet 1 ṣófo ṣáájú ọdún ìbí, 2 sì ṣófo ṣáájú owó. Fún èèyàn 200, 60 × 200 jẹ́ 12 000 octet, ìyẹn 12 Ko.

Ní Python

Ẹ ṣọ́ra fún sys.getsizeof. Bí ẹ bá fi wọn list, list náà nìkan ló ń kà, kì í ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó wọn agbọ̀n tí kò wọn iṣu inú rẹ̀. Láti mọ octet orúkọ kan, ẹ kọ: len("Ṣọlá".encode("utf-8")).

Kí ẹ tó fi àyè sílẹ̀, ẹ wá orúkọ tó gùn jù lọ nínú ẹgbẹ́, ẹ fi gbogbo àmì sí i, kí ẹ sì ka octet rẹ̀. Ẹ má ka lẹ́tà.