Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tó ń ṣọ́ káàdì ìsanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ará Àpòmù bá fi káàdì báńkì rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò Èkó, olùtajà kò rí i sójú. Nọ́ńbà ara káàdì nìkan ló ń tẹ̀, ẹni tó bá sì yọ́ káàdì náà wò lè dà á kọ.

Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ Visa fi gbé ètò Verified by Visa kalẹ̀ lọ́dún 2001; Mastercard náà ṣe SecureCode. Nínú ètò yìí, báńkì tó ni káàdì ni yóò béèrè ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kí owó tó kúrò. Olùtajà kì í rí i.

Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni oníkáàdì ń lò nígbà gbogbo. Lóde òní, nọ́ńbà tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, OTP, ni ọ̀pọ̀ báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù.

Àwọn gbájúẹ̀ mọ èyí, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ báńkì làwọn, kí ẹ ka nọ́ńbà náà fáwọn. Òṣìṣẹ́ báńkì tòótọ́ kì í béèrè rẹ̀. Ẹni tó kà á fún wọn ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé olè lọ́wọ́. Bí síìmù yín bá sì sọnù, ẹ tètè sọ fún báńkì yín.