Ta Ló Kọ́kọ́ Mọ̀ Pé Ọmọ Náà Kò Gbọ́ràn?

Ìtàn tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìtàn ogun, kì í sì í ṣe ti ọba. Ìtàn etí ọmọ ìkókó ni. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ẹ bá mi kà á dópin. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí à ń pè ní odi láàárín wa, wọn kì í ṣe odi. Ahọ́n wọn dáa, ọ̀nà ọ̀fun wọn dáa. Etí ni kò gbọ́, ohun tí etí kò bá sì gbọ́, ẹnu kò lè rí i sọ.

Ẹ rántí ọkùnrin inú Ìhìn Rere Máàkù, orí keje. Ìwé Mímọ́ so ìṣòro rẹ̀ méjèèjì pọ̀: kò gbọ́ràn, ọ̀rọ̀ sì ṣòro fún un láti sọ. Ẹ sì kíyè sí i pé àwọn èèyàn ló mú un wá sọ́dọ̀ Jésù. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì náà nílò ẹni tó máa mú un wá. Kò lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò gbọ́ orin tó ń kọ sí òun létí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìdití kì í hàn lójú ọmọ tuntun. Yóò sunkún, yóò rẹ́rìn-ín, yóò tilẹ̀ máa dá ohùn jáde fún oṣù díẹ̀ bí ọmọ yòókù. Bí ẹ bá pa ilẹ̀kùn dé gbàà, ó lè ta gìrì torí pé ilẹ̀ mì, a ó sì ní ó gbọ́. Tó bá pé ọdún kan tí kò sọ̀rọ̀, àwọn àgbà á ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Tó bá pé ọdún méjì, wọ́n á ní olóríkunkun ni. Láàárín ìgbà yẹn, àsìkò tí ọpọlọ ọmọ máa ń gba èdè jù lọ ti ń kọjá lọ.

Lára àwọn tó la ọ̀nà fún àwọn adití ní Nàìjíríà, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà tó jẹ́ adití fúnra rẹ̀. Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n bí i ní Alabama ní 1925. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àìsàn yírùnyírùn gba etí òun àti arákùnrin rẹ̀. Àwa tí à ń gbé Minna mọ àìsàn yìí dáadáa. Òun ni àwọn Hausa ń pè ní sankarau, tó máa ń jà nígbà ooru. Ní 1996, ó pa èèyàn tó lé ní 10,000 ní ilẹ̀ Nàìjíríà, pàápàá ní òkè Ọya níbí. Nínú àwọn tó yè é, àwọn kan kò gbọ́ràn mọ́.

Ní 1954, Foster di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ní 1957 ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Accra. Láti 1960 ó mú iṣẹ́ náà wọ Nàìjíríà, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, ní Enugu àti ní Kàdúná. Kí ó tó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní 1987, ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà ti lé ní 30. Ọ̀pọ̀ adití tó mọ ìwé nílẹ̀ wa lónìí, ọwọ́ rẹ̀ tàbí ọwọ́ àwọn tó kọ́ ni wọ́n ti gbà á.

Àmọ́ iṣẹ́ ńlá yẹn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ilé ẹ̀kọ́ kì í pàdé ọmọ àfi tó bá tó ọmọ ilé ìwé. Ọmọ ọdún méje tí kò ní èdè kankan, yálà èyí tí à ń fi ẹnu sọ tàbí èyí tí à ń fi ọwọ́ sọ, ti pàdánù ọdún méje. Àwọn àgbà ní òkèèrè ni olójú jíńjìn ti í mẹ́kún sun. Báwo la ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè?

Ní 1964, ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Marion Downs bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ etí àwọn ọmọ tuntun wò ní ilé ìwòsàn. Wọ́n á pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, wọ́n á máa wo ojú rẹ̀ bóyá yóò ṣẹ́jú tàbí kó ta gìrì. Èrò tó dára ni, ṣùgbọ́n ojú lásán kò tó o. Ọmọ tó gbọ́ lè máa sùn lọ ní tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní 1978, David Kemp ní London rí ohun ìyanu kan. Ó rí i pé bí a bá fi ohùn kékeré sínú etí tó dáa, etí náà máa ń dá ohùn tín-ín-rín kan padà. Látinú èyí ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ kékeré tí a lè ki ẹnu rẹ̀ bọ etí ọmọ nígbà tó ń sùn. Kò ní dùn ún, kò sì ní pẹ́.

Ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí nìkan yanjú ọ̀rọ̀ náà? Rárá o. Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ẹ̀rọ ti wà, síbẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó bí adití máa ń tó nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Ohun tó yí i padà ni pé àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Ní 1993, àwọn ilé ìwádìí ìlera ìjọba wọn, NIH, pe àwọn onímọ̀ jọ, wọ́n sì dá a lábàá pé kí wọ́n yẹ etí gbogbo ọmọ tuntun wò. Ní 1998, ìwádìí Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado fi hàn pé ọmọ tí wọ́n bá tètè mọ ìdití rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́fà, tí wọ́n sì ràn án lọ́wọ́, máa ń gbọ́ èdè ju èyí tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ lọ. Ní 1999 wọ́n ṣe òfin. Òfin náà ní kí àjọ HRSA máa fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó, kí àjọ CDC máa ka iye ọmọ, kó sì máa tọpa wọn, kí NIH máa bá ìwádìí lọ. Wọ́n fi àmì mẹ́ta sílẹ̀: kí ọmọ tó pé oṣù kan, kí wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò, kó tó pé oṣù mẹ́ta, kí dókítà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kó tó pé oṣù mẹ́fà, kí ìrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1999, ọmọ tí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kò tó ìdajì. Kó tó pé ọdún mẹ́wàá, ó ti ju 95 lọ nínú 100. Síbẹ̀, àwọn náà rí àléébù. Nínú àwọn ọmọ tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n padà wá, wọn ò rí àkọsílẹ̀ nǹkan bí ìdajì wọn mọ́. Ẹni tó yẹ etí wò kò sọ fún ẹni tó ń gba ọmọ lábẹ́rẹ́, onítọ̀hún kò sì sọ fún ilé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ẹ lè ní, “Pásítọ̀, Amẹ́ríkà nìyẹn, wọ́n lówó.” Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní Èkó, ní 2005, Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà, oníṣègùn àwọn ọmọdé, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ bi ara wọn léèrè pé: níbo la ti lè rí gbogbo ọmọ? Ilé ìwòsàn nìkan kọ́, torí ọ̀pọ̀ ìyá ló ń bímọ sílé, sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tàbí sí ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ibi yòówù kí ìyá bímọ sí, ó máa ń gbé e lọ gba BCG, abẹ́rẹ́ tó ń fi àpá sí apá ọmọ. Ni wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà lọ síbi abẹ́rẹ́ yẹn, ní ilé ìwòsàn alábọ́dé mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe onímọ̀ etí ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà. Nǹkan bí 2,000 ọmọ ni wọ́n yẹ wò, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì pé oṣù kan. Wọ́n rí àwọn tí kò gbọ́ràn, tí ẹnikẹ́ni ì bá má mọ̀ fún ọdún méjì. Lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n padà wá, ọ̀pọ̀ ni kò padà, bíi ti Amẹ́ríkà náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe ní ilẹ̀ wa.

Nísinsìnyí, ẹ wo ọmọ kan tí wọ́n bí ní Sauka Kahuta wa níbí. Àwọn agbẹ̀bí á rí i. Àwọn abẹ́rẹ́-àjẹsára á rí i, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn tó ń kọ ìwé ẹ̀rí ìbí á kọ orúkọ rẹ̀. Àwa náà nínú ìjọ á rí i lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, a ó gbé e sókè, a ó gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tíṣà á rí i. Gbogbo wa la rí ọmọ kan náà. Ta ló béèrè nípa etí rẹ̀? Bí olúkúlùkù bá ń rò pé ẹlòmíràn ti béèrè, ọmọ náà á kọjá lọ́wọ́ gbogbo wa. Àpérò Ìlera Àgbáyé ti rọ àwọn ìjọba ní 1995 àti ní 2017 pé kí wọ́n fi ìtọ́jú etí sínú ètò ìlera wọn. Iṣẹ́ ìjọba ni láti so àwọn tábìlì yìí pọ̀, ó sì yẹ ká máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí tábìlì tiwa náà ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n bí ìyeyè, ẹ má ṣe kàn fi oòrùn òwúrọ̀ tọ́jú rẹ̀. Ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí bí ibà pọ́njú bá le, ó lè pa etí. Ẹ má sì kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ rẹ̀. Ó lè fa ibà náà. Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án tí kì í yíjú sí orúkọ rẹ̀, ẹ má dúró de ọdún méjì. Ilé Ìtọ́jú Etí ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kàdúná, kò jìnnà sí wa púpọ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ owó ọkọ̀ ló máa dá wọn dúró nígbà tí wọ́n bá ní kí ọmọ padà wá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ẹ fi í sára ohun tí ẹ ń béèrè tí ẹ bá lọ kí aláboyún tó bí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún ìyá ọmọ pé ẹ̀mí búburú ló di ọmọ létí, kó wá máa fi oṣù mẹ́fà gbààwẹ̀ tí wọn ò tíì yẹ etí wò. Àdúrà àti àyẹ̀wò kì í jà. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò bá là náà, ọmọ wa ni. Ẹ kọ́ ọ lédè tí à ń fi ọwọ́ sọ, kí ẹ̀yin náà kọ́ ọ, kí ó lè mọ Olúwa rẹ̀ bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n. Foster kò gbọ́ ìwàásù kan láti ọmọ ọdún mọ́kànlá títí ó fi kú, ó sì wàásù.

Àwọn Hausa tó sọ àdúgbò wa lórúkọ ní kí èèyàn sọ̀kalẹ̀, kó sinmi. Ní ti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí, ẹ jẹ́ ká ṣì wà lórí ìrìn ná. Kí Olúwa la etí àwa tó gbọ́ràn, ká lè rí àwọn tí kò gbọ́ mú wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àmín.