Ọ̀nà Imú àti Ìpadàbọ̀ Ìríran: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Hypophyse láti 1907

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ tọpa bí àwọn tí kókó inú orí ń gba ojú wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ríran padà. Kókó náà máa ń hù lára hypophyse, ẹṣẹ́ kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Lókè rẹ̀ ni iṣan ìríran ojú méjèèjì ti pàdé. Bí kókó bá ń dàgbà sókè, yóò tẹ ibi ìpàdé náà mọ́lẹ̀. Aláìsàn á máa rí iwájú, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹni tó ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀.

Ní 1907, ní Innsbruck, Hermann Schloffer gba imú yọ irú kókó yìí. Ní 1910, ní Vienna, Oskar Hirsch mú ọ̀nà náà rọrùn. Harvey Cushing ní Amẹ́ríkà ṣe é fún aláìsàn 231 láàárín 1910 sí 1925, ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Síbẹ̀, Cushing fúnra rẹ̀ ló pa ọ̀nà náà tì, tó padà sí ṣíṣí agbárí, nítorí pé láti òkè, iṣan ìríran hàn sí i kedere. Ọ̀pọ̀ tẹ̀lé e.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé ẹ̀rọ ló jí ọ̀nà imú dìde. Lójú tèmi, ọwọ́ ló kọ́kọ́ pa á mọ́. Hirsch, tó ti kó lọ sí Boston, kò fi í sílẹ̀. Norman Dott, ọmọ iṣẹ́ Cushing, dì í mú ní Edinburgh. Gérard Guiot ti ilẹ̀ Faransé kọ́ ọ lọ́wọ́ Dott ní 1956. Jules Hardy ti Montréal kọ́ ọ lọ́wọ́ Guiot, ó sì fi maikirosíkóòpù kún un. Bí iṣẹ́ agbẹ̀dẹ ni: bí ọ̀gá kò bá rí ọmọ iṣẹ́, iná ilé arọ a kú.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú ẹlòmíràn ń là láàárín ọjọ́ díẹ̀; ti ẹlòmíràn ń gba oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà bá ti pẹ́ tí iṣan fi kú, ọ̀gá kankan kò lè jí i. Nítorí náà, bí ìyá wa bá ń fi èjìká kọlu òpó ilẹ̀kùn léraléra, kí a má kàn sọ pé àgbà ló dé. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ wò.