Eré Tí Ó Ń Kọ́ni Níṣẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi náà ṣubú ní ìsinmi tí ó kọjá, ẹ̀yìn tí mo sì wò ni ó mú mi dé inú ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Àbúrò ìyá mi obìnrin, oníṣòwò aṣọ, ni ó mú mi dání lọ sí ọjà Dantokpa ní Kútọnu, pé kí n wá ṣe ògbufọ̀ fún òun. Inú mi dùn, nítorí pé ó di ọdún méjì tí mo ti ń kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì, máàkì mi kò sì burú. Ìyá tí a bá ní ìsọ̀ dárúkọ iye ọjà rẹ̀. Mo gbọ́ quatre-vingt mille, mo sì sọ fún àǹtí mi pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà 80 owó sẹ́fà ni. A gbà, a di ẹrù. Nígbà tí a ka owó tán, ariwo ta. Quatre-vingt-dix mille ni ìyá náà wí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 90! Èrò pé lé wa lórí. Àǹtí mi san án kí ìtìjú má baà pọ̀ jù, ó sì yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé ohun tí o fi ọdún méjì kọ́ nìyí?” N kò rí èsì fọ̀.

Kì í ṣe pé n kò mọ iye náà. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé, n ó kà á láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà kì í dúró de ẹni tí ó ń ronú. Mo wá bi ara mi léèrè pé, níbo ni ènìyàn ti lè kọ́ irú iṣẹ́ báyìí, tí àṣìṣe ọ̀pẹ kò fi ní jẹ owó olówó? Bí mo ti ń wádìí kiri, mo rí i pé ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn ológun ti béèrè rẹ̀ ṣáájú mi, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀mí ènìyàn ni àṣìṣe máa ń jẹ. Ìdáhùn tí wọ́n sì rí ni eré.

Ní ìlú Breslau, nínú ìjọba Prussia, òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Georg Leopold von Reisswitz. Ṣáájú rẹ̀, àwọn kan ti gbìyànjú láti sọ eré chess di eré ogun. Ṣùgbọ́n ojú ogun kò rí bí pátákó chess. Reisswitz ṣe tábìlì kan tí òkè, odò, igbó àti abúlé wà lórí rẹ̀ bí wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ gan-an, ó sì fi í fún ọba Friedrich Wilhelm III ní 1812. Ọmọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ológun, ni ó wá tún eré náà ṣe, tí ó sì tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1824.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ta á. Àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ dípò tábìlì. Ẹgbẹ́ kan ní ọmọ eré pupa, èkejì ní ti aró. Ìṣẹ́jú 2 ogun ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún. Àwọn tí ń ta á kì í fi ọwọ́ ara wọn sún ọmọ. Wọ́n á kọ àṣẹ wọn sínú ìwé, wọ́n á fi í fún onídàájọ́ tí ó wà láàárín, òun ni yóò sì sún un. Ohun tí àwọn alámì rẹ bá rí nìkan ni onídàájọ́ yóò fi hàn ọ́. Ọ̀tá lè wà lẹ́yìn òkè kí o má mọ̀. Dáìsì ni wọ́n fi ń mọ iye tí ìbọn pa, nítorí pé lójú ogun, kì í ṣe gbogbo ohun tí a pète ni ó ń ṣẹ.

Ìtàn sọ pé nígbà tí ọ̀gágun von Müffling, olórí àwọn agbìmọ̀ ogun Prussia, kọ́kọ́ wá wo eré yìí, kò fi ojú ńlá wò ó. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wò ó pẹ́, ọkàn rẹ̀ yí padà, ó ní èyí kì í ṣe eré mọ́, ilé ẹ̀kọ́ ogun ni. Òun ni ó sì gbà pé kí gbogbo ọmọ ogun máa lò ó. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣe é kò jẹ èrè rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní 1827. Lẹ́yìn tí Prussia ṣẹ́gun Austria ní 1866, tí ó sì tún ṣẹ́gun Faransé nínú ogun 1870 sí 1871, ni àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ eré náà lọ́dọ̀ wọn. Eré nìkan kọ́ ni ó ṣẹ́gun o; ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti ṣubú lórí tábìlì kò ṣàì ní ìmọ̀ díẹ̀ ju ẹni tí ojú ogun ni yóò ti kọ́kọ́ ṣubú.

Láti orí ilẹ̀, eré náà bọ́ sí ojú òkun. Ní 1942, àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń rì àwọn ọkọ̀ tí ń kó oúnjẹ àti ẹrù lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba rán Gilbert Roberts lọ sí Liverpool. Ọkùnrin tí àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ṣáájú ogun ni. Àwọn tí wọ́n fún un láti bá a ṣiṣẹ́ jẹ́ ọ̀dọ́ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Wren, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì bá ọkọ̀ ogun lọ sójú òkun rí.

Ilẹ̀ yàrá ńlá kan ni wọ́n sọ di òkun. Wọ́n pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì ń fi ẹfun fa ipa ọ̀nà ọkọ̀ sí i. Wọ́n ta aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n dá ihò sí i lára. Ẹ̀yìn aṣọ yìí ni ọ̀gá ọkọ̀ tí ó wá kọ́ṣẹ́ ń dúró, ihò náà ni ó sì ń gbà yọjú, kí ó má baà rí ju ohun tí ì bá rí lójú òkun lóru. Ìṣẹ́jú 2 ni ó ní láti fi pàṣẹ.

Roberts a máa bi àwọn tí ó ti ojú òkun dé léèrè ohun tí ojú wọn rí, òun àti àwọn Wren á sì tún un ta lórí ilẹ̀. Báyìí ni wọ́n fi rí i pé ọkọ̀ abẹ́ omi lè ti ẹ̀yìn yọ́ wọ àárín ọ̀wọ́ ọkọ̀ lóru, kí ó yìnbọn, kí ó sì rì sísàlẹ̀ kí àwọn ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n hùmọ̀ ọ̀nà tuntun láti fi lé e. Jean Laidlaw, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, sọ ọ́ ní Raspberry, láti fi yọ ṣùtì sí Hitler. Nígbà tí Max Horton, ọ̀gá àgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ọkọ̀ abẹ́ omi jagun rí, jókòó láti ta eré náà, Janet Okell, ọmọ nǹkan bí 20 ọdún, ni ó lù ú, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kí ogun tó parí ní 1945, nǹkan bí 5,000 ọ̀gá ọkọ̀ ni ó ti gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni ó sọ eré wọ̀nyí di ẹ̀kọ́? Èkínní, ẹni tí ń ta á kì í rí ju ohun tí yóò rí lẹ́nu iṣẹ́. Èkejì, àkókò kì í dúró dè é. Ẹ̀kẹta, èyí tí mo rò pé ó ju gbogbo wọn lọ, bí eré bá parí, wọ́n á jókòó yẹ àṣìṣe wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí bá sọnù, ìdárayá lásán ni ó kù. Ẹni tí ó jẹ ayò yóò máa yangàn, ẹni tí wọ́n jẹ yóò máa bínú, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ nǹkan.

Bí a ti ń kọ́ èdè ní yunifásítì wa, ìwé nìkan ni a ń wò, ìdánwò nìkan ni a sì ti ń ṣubú. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ ní kóòtù, ní ilé ìwòsàn àti ní ẹnu bodè, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè ba ayé ẹlòmíràn jẹ́. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fún wa ní ibi tí a ti lè ṣubú láìfọ́ orí ẹnikẹ́ni.

Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀ ná. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ọ̀kan á tajà, ọ̀kan á rajà, ọ̀kan á ṣe ògbufọ̀, ẹ̀kẹrin á di aago mú, á sì máa kọ àṣìṣe sílẹ̀. Wọ́n ti jẹ mí ju bí mo ti lè kà lọ. Àǹtí mi ní òun yóò tún lọ sí Kútọnu láìpẹ́. Kò tíì sọ pé òun yóò mú mi dání.