Písítìnì kan, òfin kan, ọmọ ọdún 24 🧵

1/ Ẹ wo písítìnì inú ẹ́ńjìnì ọ̀kadà. Kékeré ni lójú. Àmọ́ kí wọ́n tó rọ ọ́, ẹnì kan ti ní láti yà á: fífẹ̀ rẹ̀, gíga rẹ̀, ojú ibi tí ríńgì máa jókòó sí, ihò tí píìnì máa gbà kọjá. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń yà á báyìí. Báwo la ṣe débẹ̀? Ẹ jẹ́ n ròyìn.

2/ Tẹ́lẹ̀, pátákó ńlá, pẹ́ńsù àti rúlà ni. Tí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ fi mílímítà 2 kún fífẹ̀ sílíńdà, wàhálà dé nìyẹn. Písítìnì máa yí, ríńgì máa yí, gbogbo àwòrán tó kàn án lẹ máa pa rẹ́ kẹ́ ẹ tún un yà. Ẹ gbàgbé ẹyọ kan péré, irin tí kò wọ ara wọn ló máa jáde.

3/ Oṣù kìíní ọdún 1963, Ivan Sutherland kọ ìwé oyè dókítà rẹ̀ ní MIT, Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 24 ni o! Ó ti ṣe Sketchpad sórí kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní TX-2. Ó ń fi bíírò tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára fa ìlà sójú ẹ̀rọ náà.

4/ Ṣùgbọ́n ìlà fífà kọ́ ló wú mi lórí. Òfin ni. Ẹ lè sọ fún Sketchpad pé kí ìlà méjì yìí gùn dọ́gba, òun fúnra rẹ̀ á sì tún wọn tò. Tẹ́ ẹ bá yí ìyá àwòrán padà, gbogbo ọmọ rẹ̀ náà á yí.

5/ Ó tó ọdún 25 kí irú òfin yìí tó di iṣẹ́ òòjọ́ àwọn tó ń ya ẹ̀rọ. Samuel Geisberg, onímọ̀ ìṣirò tó ṣí kúrò ní Soviet Union lọ sí Amẹ́ríkà, dá Parametric Technology sílẹ̀ ní 1985. Pro/ENGINEER wọn tẹ̀ lé e. Ní 1995, SolidWorks gbé irú iṣẹ́ náà wá sórí Windows.

6/ Báyìí, ẹ ya ìdajì ẹ̀gbẹ́ písítìnì, kẹ́ ẹ yí i po ní dígírì 360, ó di odindi. Ẹ gbẹ́ ojú ríńgì. Ẹ lu ihò píìnì. Ó parí.

7/ Abí ó parí lóòótọ́? Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé písítìnì gbọ́dọ̀ wọ sílíńdà. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Tẹ́ ẹ bá kàn ń ya ìlà láìsí òfin, pẹ́ńsù àtijọ́ náà lẹ ṣì ń lò, ó kàn ń jẹ iná ni.

8/ Ẹ má sọ pé olówó nìkan ló wà fún. FreeCAD ti wà láti 2002, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń gba òfin. Kẹ́ ẹ tó fa ìlà kankan, ẹ kọ fífẹ̀ sílíńdà sílẹ̀, kẹ́ ẹ fún nọ́ńbà náà lórúkọ, kẹ́ ẹ sì ní kí písítìnì máa fi díẹ̀ kéré sí i. Ẹ wá yí nọ́ńbà yẹn. Tí písítìnì bá tẹ̀ lé e, ẹ ti mọ ohun tí Sutherland ń wá.