Fífẹ́ràn Ẹni tí Ó Lé Wa
Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní ilẹ̀ Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé-ìlú jáde láàrin ọjọ́ 14. Àwọn oníṣòwò wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà fi ìsọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà ní 1983, tí olùkọ́ àwọn ọmọ wa sì wà nínú wọn, àwọn kan ní ẹ̀san dé. Àwa kò lè fara mọ́ ọn: Jésù kò ní kí a dúró de àforíjì kí a tó fẹ́ràn ọ̀tá. Ẹ̀yin ará tí ẹ ń gbé Darkuman ní Accra, bí onílé yín bá wà lára àwọn tí a lé nígbà náà, tí ojú rẹ̀ sì le sí yín, ẹ kọ́kọ́ kí i.