Àtẹ̀gùn, Ààfin àti Ọ̀pọ̀lọ́: Ohun tí Òkè Ìdànrè Ń Fi Han Àlejò

Ẹni tó bá kúrò ní Àkúrẹ́, tó dorí kọ ìhà gúúsù, kò ní pẹ́ lójú ọ̀nà tí àpáta yóò fi yọ níwájú rẹ̀. Bí ìgbà tí òjò ṣú ló máa ń kọ́kọ́ rí. Ìgbà tí a bá sún mọ́ ọn ni a ń mọ̀ pé òkúta ni, àti pé ìlú Ìdànrè òde òní ló tẹ́ rẹrẹ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ọdún 2007 ni orúkọ òkè yìí ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń wádìí ni ohun tí àbẹ̀wò síbẹ̀ ń kọ́ ènìyàn. Èrò tèmi ni pé ìdajì ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni a ń kọ́ àlejò, ìdajì tó kù sì wà níbẹ̀ tí a ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Ibi àtẹ̀gùn ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. 667 ni iye tí àwọn afinimọ̀nà sábà máa ń pè é, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti mí hẹlẹhẹlẹ dé ìkẹta kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ìdí tí àwọn baba ńlá fi fi orí òkè ṣe odi. Kí ó lo àsìkò ìsinmi náà láti tẹjú mọ́ òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Yóò rí àwọn nǹkan funfun tó há sára rẹ̀ bí eyín. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti dì, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkúta yíyọ́ ń tutù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òjò àti oòrùn ló wá ká ilẹ̀ orí wọn kúrò.

Lókè, ìlú àtijọ́ ni a ó bá, èyí tí wọ́n ń pè ní Ufẹ̀-Òkè. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún nǹkan bí 800 ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ọdún 1933 sì ni a máa ń dá fún ìsọ̀kalẹ̀ náà. Ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì dúró pẹ̀lú ògiri amọ̀ rẹ̀ àti àwọn òpó gbígbẹ́. Ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀wọ̀n ayé òyìnbó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, ibi ìsìnkú, omi tí wọ́n ń pè ní Omi Àpáàrá, àti ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ni ó ń gbà, àfi ti àjẹ́. Mo ti rí àgbàlagbà tó bọ́ bàtà rẹ̀, tó rọra ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, tí kò sì sọ̀rọ̀ títí ó fi yọ ọ́ jáde. Ìtàn tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dán wò kì í kúrò lọ́kàn bọ̀rọ̀.

Ìdajì kejì wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀lọ́ kan ń gbé orí òkè yìí tí àwọn onímọ̀ kò tíì rí níbòmíràn láyé. Ọdún 1963 ni onímọ̀ ẹranko kan, Schiøtz, ṣe àpèjúwe rẹ̀, tó sì fi orúkọ Perret, onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ó lé ní 40 ọdún tí onímọ̀ kankan kò fi gbúròó rẹ̀, kí àwọn olùwádìí tó kéde ní 2014 pé àwọn tún ti rí i. Ọmọ rẹ̀ ló yani lẹ́nu jù. Inú odò tàbí ọ̀gọ̀dọ̀ ni a mọ légbénlègbé sí. Ti Ìdànrè, ojú àpáta gan-an ló lẹ̀ mọ́, nínú omi fẹ́lẹ́ tó ń sun lára òkúta, tí kò jìn tó èékánná. Bí ojú àpáta náà bá gbẹ, tàbí bí a bá da sìmẹ́ńtì bò ó, kò sí ibòmíràn tí yóò sá lọ.

Nínú ohun tí mo kà, àwọn tó ń kọ̀wé nípa ààfin kì í mẹ́nu ba ọ̀pọ̀lọ́ yìí, àwọn tó ń kọ̀wé nípa ọ̀pọ̀lọ́ kì í sì í dúró pẹ́ ní ààfin. Èyí dùn mí, nítorí òkúta kan náà ló gbé àwọn méjèèjì. Omi tó ń sun lára àpáta ló ń tọ́ légbénlègbé. Omi òkè yìí kan náà ni ìlú àtijọ́ mu, tí wọ́n sì ń bọ. Orósùn, òrìṣà tí wọ́n ń ṣọdún rẹ̀ lọ́dọọdún, òkè kan ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ó dára kí a fi Ìdànrè wé ibòmíràn. Ní Olúmọ, l'Ábẹ́òkúta, wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sì wà nísàlẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni kí arúgbó tí orúnkún ń dùn lè débẹ̀, ohun rere sì nìyẹn. Ní Sukur, ní Adamawa, tí UNESCO gbà wọlé ní 1999, ààfin Hidi, ọba ibẹ̀, ọ̀nà olókúta àti oko orí òkè ni wọ́n kà pọ̀ bí ohun kan ṣoṣo. Ti Sukur yìí ni mo rò pé ó bá Ìdànrè mu jù, nítorí níbẹ̀, wọn kò gé ilẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń gbé e.

Fún ìdí èyí, mi ò rò pé ilé ńlá tí a kó pátákó kún ni ó kọ́kọ́ yẹ Ìdànrè. Ibi ìsinmi márùn-ún náà ti tó bẹ̀rẹ̀: kí afinimọ̀nà sọ̀rọ̀ òkúta ní ọ̀kan, kí ó sọ ti ogun àti odi ní òmíràn, ní ẹ̀ka èdè Ìdànrè fúnra rẹ̀ fún àwọn tó gbọ́ ọ. Ìgbà òjò sì ni kí ó mú àlejò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí omi ti ń sun, kí wọ́n fi ọwọ́ dá oòrùn dúró, kí wọ́n máa wá ohun dúdú kékeré tó lẹ̀ mọ́ àpáta, kí wọ́n tó kọjá lọ sí ààfin.